Iyán Ìlú Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ẹsẹ̀ Mi

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, mo kí ọ. Mo mọ bí ọkàn rẹ ṣe rí lásìkò yìí. Má sunkún jù, má sì ṣe agídí. Mo ti ṣe méjèèjì, kò sí èyí tó ràn mí lọ́wọ́ nínú wọn. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú, àtọ̀gbẹ sì ṣeé wò bí èèyàn bá tètè gbọ́ràn. Èmi kò tètè gbọ́ràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Bọ́láńlé ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n ní Imoru níbi tí mò ń gbé, ó ṣòro kí o rí ọmọdé tó mọ orúkọ yẹn. Màmá Sójà ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ ológun ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo wà lára àwọn tó ń fi rédíò ránṣẹ́ lójú ogun, mo lọ sí Làìbéríà, mo sì bọ̀ pẹ̀lú ipò sájẹ́ǹtì. Ohùn mi ni mo fi jagun. Ẹni tó bá ti bá mi ní gbólóhùn asọ̀ rí ní Imoru yóò jẹ́rìí sí i pé ohùn náà kò tíì fẹ̀yìntì.

Kí o tó lè mọ bí àìsàn yìí ṣe rí mi mú, o ní láti kọ́kọ́ mọ bí àwọn ará ìlú mi ṣe ń tọ́jú sójà. Nígbà tí mo dé láti ojú ogun, àwọn àgbà ìlú sọ pé ẹni tí ọta ìbọn ti fò kọjá létí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gún iyán fúnra rẹ̀ mọ́. Wọ́n pín iṣẹ́ náà fún àdúgbò. Lọ́sẹ̀ yìí, àdúgbò kan a gbé oúnjẹ wá fún àwa sójà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a kan òmíràn. Iṣu tuntun kì í wọ ilé àgbẹ̀ kankan kí wọ́n má kọ́kọ́ ya tiwa sọ́tọ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a gun òrùlé wa láti wò ó bóyá ó ń jò. Bí a bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọn a ní kí a bọ́ síwájú. Bí ìlú tìrẹ náà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó dáa, ṣùgbọ́n mú ẹlẹ́rìí wá.

Àwa mẹ́rin ni à ń jẹ oúnjẹ náà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù, ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n sì jù mí lọ dáadáa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ, a sì fi ọlá sin wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí láti dín abọ́ kù. Iyán tí wọ́n ń gún fún ẹni mẹ́rin ni wọ́n ń gún fún èmi nìkan tó kù. Bí mo bá ní ó pọ̀ jù, Ìyá Dúpẹ́ tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ náà a wò mí títí.

"Jẹ tàwọn tó ti lọ mọ́ tìrẹ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ìwọ lo kù tí a fi ń rántí wọn. Ghá jẹ uyán, jàre."

Uyán ni à ń pe iyán lẹ́nu tiwa, "ghá" sì ni "wá." Obìnrin yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ojú rẹ̀ le, kì í sì í gbọ́ "rárá." Ta ni yóò bá a jiyàn? Yorùbá ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Èmi fi oògùn sílẹ̀, mo gbájú mọ́ oúnjẹ.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe òùngbẹ ẹni tó ti oko bọ̀ o. Mo lè mu odindi jọ́ọ̀gì omi kan, kí ẹnu mi tún ti gbẹ kí n tó gbé jọ́ọ̀gì náà sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtọ̀. Mò ń tọ̀ lọ́sàn-án, mò ń tọ̀ lóru, títí mo fi mọ gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀ mi. Mo ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń ṣù bo ibi tí mo bá tọ̀ sí. Ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ni èèrà ń wá níbẹ̀. Kàkà kí n bi ara mi, èèrà ni mo ń bú, mo sì da kẹrosíìnì lé wọn lórí. Ojú mi náà wá ń ṣe bàìbàì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ á máa kọ orin tí àlùfáà pè, èmi á máa kọ èyí tó wà lójú ewé kejì, pẹ̀lú ohùn òkè. Mo ní ọjọ́ ogbó ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kóòtù tí mo máa ń wọ̀ ní ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, tí àwọn àmì-ẹ̀yẹ mi wà ní àyà rẹ̀, wá ń rọ̀ dòò lára mi bí aṣọ tí wọ́n sá sórí igi. Ní Imoru, bí sójà bá rù, ìtìjú gbogbo ìlú ni. Ìyá Dúpẹ́ pe àwọn obìnrin jọ lẹ́yìn ìsìn, ó gbé ọwọ́ lérí, ó ní, "Ebi ń pa Màmá Sójà, àwa sì wà láyé!" Bí oúnjẹ ṣe kúrò ní ti ọjọ́ Àìkú nìkan nìyẹn. Ó di àárín ọ̀sẹ̀, ó di òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ mí, wọ́n gbé mínírà wá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti dín kù, wọ́n ń po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì agolo fún mi, wọ́n á sì dúró tì mí kí n tó mu ún tán. Bí mo bá ṣe ń jẹ tó ni mò ń rù tó, bí mo bá sì ṣe ń rù tó ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá tó. Kò sí ẹni tó fẹ́ pa mí nínú wọn. Mo fẹ́ kí o mọ èyí dáadáa: ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ìfẹ́ náà sì dùn lọ́nà ọ̀fun.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ wo ẹ̀gẹ́ mi lóko. Nígbà tí mo dé ilé tí mo bọ́ bàtà ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gún ọ̀pẹ ti gún mi wọ àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì ti fi rìn láti oko dé ilé. Kò dùn mí rárá. Ẹ̀rù ló yẹ kó bà mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo ní ara sójà ṣì le, kódà mo fi yangàn fún Ìyá Dúpẹ́. Mo fi omi iyọ̀ fọ egbò náà, mo dì í, mo sì gbàgbé rẹ̀. Egbò náà kò gbàgbé mi. Kò jiná, kò sì dùn mí, àfi pé ó ń gbòòrò, ó sì ń rùn.

Àbúrò mi Títí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga pólì tó wà ní Ọ̀wọ̀, ló wá kí mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi imú gbóòórùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń rùn nínú ilé yìí?"

"Eku ló kú sí àjà."

Ó wo àjà, ó wo ẹsẹ̀ mi tí mo fi aṣọ bò. Ó tẹ̀ ba, ó ká aṣọ náà kúrò. Mi ò rí Títí kó sunkún láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, ṣùgbọ́n ó sunkún lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní kí n di ẹrù mi.

Ọ̀kadà ló gbé wa dé Ifọ́n, a wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀. Bí o kò bá tíì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá rí, mú sùúrù lọ, kí o sì mú nǹkan tí o lè fi jókòó dání. Ìlà wà fún káàdì, ìlà wà fún ẹ̀jẹ̀, ìlà tún wà fún dókítà. Mo rí i pé àwọn kan ń yọ́ gba iwájú, ni mo bá bú wọn padà sẹ́yìn pẹ̀lú ohùn tí mo fi jagun. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ kùn, kò pẹ́ tí àwọn fúnra wọn fi ń bi mí pé, "Màmá, ta ló kàn?" Mo ti ń gbádùn ipò tuntun mi kí òòyì tó kọ́ mi, tí mo jókòó bẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìfẹ́. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí fi ìborùn rẹ̀ fẹ́ mi títí ó fi kàn mí.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ Ìbàdàn ni, Yorùbá rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ó ní kí n di ojú, kí n sọ fún òun nígbàkígbà tí òun bá fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo di ojú. Mo dúró, dúró.

"Dókítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ o," ni mo wí.

"Màmá, mo ti ṣe é tán," ló dá mi lóhùn.

Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú mi ti rí òkun, ẹ̀rù ọ̀sà sì bà mí lọ́jọ́ náà. Ó ṣàlàyé fún mi pé ṣúgà tó ti pọ̀ lẹ́jẹ̀ tipẹ́ ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kú tipiri, pé òun yóò gbìyànjú láti gba ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè búra. Mo bi í pé ṣé mo ṣì lè bá wọn yan lọ́jọ́ ìrántí. Ó ní ká kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ tí a ó fi yan ná.

Wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ mi tó kéré jù lọ, mo sì sunkún lé e bí ìgbà tí èèyàn bá sin ọmọ. Oògùn wọ́n, n kò ní í purọ́ fún ọ. Títí yá owó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì wa dá owó, àwọn àgbẹ̀ Imoru náà ta nínú iṣu tí wọ́n tọ́jú. Bí o bá wà ní irú ipò yìí, má tijú láti sọ fún àwọn èèyàn rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Adébáyọ̀, kò dá owó. Ìgò àgbo ló gbé wá.

"Mu èyí kí o jẹ́ ká máa lọ sílé," ló wí. "Ó korò bí orógbó. Bó bá ti korò báyìí, ṣúgà á sá fún un. Àwọn wọ̀nyí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti máa gé."

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá mu ún, tí ẹsẹ̀ náà bá jẹrà, ṣé ẹ ó yá mi ní tiyín?"

Ó bínú, ó sì gbé ìgò rẹ̀ lọ. N kò sọ pé ewé kò dára o. Ohun tí mò ń sọ ni pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, egbò tó ti ń rùn kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi dán àgbo wò. Mo rí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi, tó tẹ̀ lé àwọn ará ilé rẹ̀ lọ mu àgbo. Wọ́n gbé e padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, kò sì jáde láàyè.

Níbi tí mo wà yìí ni Imoru ti wá kí mi. Bọ́ọ̀sì kan odindi! Ìyá Dúpẹ́ ló ṣáájú, abọ́ lórí, òórùn ẹ̀gúsí àti ẹran igbó sì ti wọ wọ́ọ̀dù kí wọ́n tó wọlé. Nọ́ọ̀sì sáré pàdé wọn.

"Ẹ má bínú, Màmá. Kò lè jẹ ìyẹn."

"Kò lè jẹ kí ni? Ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe rù? Ẹ fẹ́ fi ebi pa sójà wa!"

Wọ́n fà á títí, iyán náà padà sínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ìròyìn tí wọ́n sọ fún gbogbo ìlú ni pé ebi ni wọ́n fi ń pa Màmá Sójà ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ gbá àyà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo padà délé pẹ̀lú igi tí mo fi ń tilẹ̀, abọ́ tó ń dúró dè mí kò ní iye. Mo ṣàlàyé fún wọn pé dókítà ní kí n dín iyán kù gidigidi, kí n má sì fi ẹnu kan mọ́ọ̀tì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyẹn wà fún ní ilé ìwòsàn, pé mo ti délé báyìí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá abọ́ padà. Ẹni tí kò bá gbé ní ìlú wa kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Abọ́ sójà kì í padà sílé pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Àwọn kan ní ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù. Àwọn mìíràn ní ó jọ pé mò ń bẹ̀rù kí wọ́n má fún mi ní májèlé jẹ. Ìyá Dúpẹ́ kàn ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá láì yà, òun tó jẹ́ pé a jọ máa ń jókòó ṣẹ̀fẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. N kò lọ́kọ mọ́, àwọn ọmọ mi wà ní òkèèrè. Àwọn èèyàn yìí ni mo ní. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ṣubú. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí ọkàn mi bà jẹ́, mo ní kí wọ́n gbé abọ́ náà wá, mo sì jẹ ẹ́ títí mo fi lá ìka. Ìyá Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, mọ́ọ̀tì sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ojú egbò tó ti ń pa dé ti tún là. Dókítà náà kò bú mi. Ó jókòó ti mí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Màmá, tí ẹ bá tún wá báyìí, mi ò ní lè gba ẹsẹ̀ yìí sílẹ̀ mọ́. A ó gé e ni."

N kò lè lọ sílé tààrà lọ́jọ́ náà. Mo yà sí Iyere, tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí a ń pè ní Kọ́púrà. Sójà fẹ̀yìntì lòun náà. Ibi tí a ti ń tò fún owó ìfẹ̀yìntì ni a ti mọra. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, mo jù ú lọ ní ipò, nítorí náà bí a bá pàdé, èmi a kúnlẹ̀ díẹ̀, òun náà a sálúùtù mi, a ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Gbogbo ayé mọ̀ pé bọ́ǹbù ló gé èkejì. Ní Iyere, bí wọ́n bá ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun, òun ni wọ́n máa ń gbé àga fún níwájú, àwọn ìyá a sì máa fi ẹsẹ̀ tó gé náà kọ́ ọmọ wọn ní ìtàn.

Mo sunkún fún un. Mo ní, "Tiyín sàn. Ogun ló gba tiyín. Tèmi, oúnjẹ ló fẹ́ gbà á."

Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́n.

"Sájẹ́ǹtì, ta ló sọ fún yín pé ogun ló gé e?"

"Gbogbo èèyàn."

"Uyán ló gé e," ló wí. "Àtọ̀gbẹ yìí kan náà. Mo sọ fún wọn nígbà náà, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni, pé sójà tòótọ́ kì í fọ́nnu. Mo tún un sọ, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí, mo dákẹ́. Àga iwájú náà kò sì burú láti jókòó lé."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó bi mí ní ìgbà tí Imoru máa ṣe ìrántí tiwa. Ó ní kí n pe òun.

Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti máa ń ṣe é. Ọmọ iléèwé yan, àlùfáà gbàdúrà, wọ́n ka orúkọ àwọn tó ti lọ. Lábẹ́ igi, àwọn obìnrin ti to abọ́ sílẹ̀ fún ti ẹ̀yìn ètò. Bàbá Olóyè, àgbà tó ṣe alága, dìde, ó ní kí a kí àlejò wa láti Iyere, akọni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ra àlàáfíà fún wa. Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé iléèwé. Kọ́púrà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ogun kọ́ ló gé ẹsẹ̀ mi."

"Ìrẹ̀lẹ̀!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ó fi igi rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi! Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ti ogun dé. Àwọn ará Iyere jó pàdé mi, mo sì bá wọn jó. Ọ̀tá kò rí ẹsẹ̀ yìí gé. Ilé ni mo dé tí àtọ̀gbẹ mú mi. Mò ń rù, àwọn èèyàn mi ń gún uyán fún mi. Egbò dé, mo bò ó mọ́lẹ̀, torí n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé sójà wọn ń ṣàìsàn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti pẹ́ jù." Ó na igi sí mi. "Ẹ wo Sájẹ́ǹtì yìí. Ẹsẹ̀ tó kàn nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ lẹ fẹ́ gé e."

Ìyá Dúpẹ́ dìde lábẹ́ igi.

"Ṣé uyán wa yìí náà?"

"Òun náà ni, Ìyá. Kò lẹ́bi. Ó kàn pọ̀ jù fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbé e mọ́ ni."

"Èmi ni mò ń gbé e lọ fún un," ni Ìyá Dúpẹ́ wí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó sì rọra jókòó. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Kọ́púrà dá ẹ̀rọ gbohùngbohùn padà, ó sì ń tilẹ̀ lọ sẹ́yìn, sáàárín èrò. Bàbá Olóyè bi í pé níbo ló ń lọ.

"Mo fẹ́ lọ jókòó lẹ́yìn ni, Bàbá. Ẹni tí ogun gé lẹ́sẹ̀ lẹ gbé àga iwájú sílẹ̀ fún."

"Ẹsẹ̀ náà lọ sógun, àbí kò lọ?"

"Ó lọ, sà."

"Ó bọ̀, àbí kò bọ̀?"

"Ó bọ̀."

"Padà wá jókòó, jàre. Ohun tó ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, àwa tí a ń ṣe oúnjẹ ni kí wọ́n bi."

Kọ́púrà padà. Mo rí i tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, èmi náà sì ń nu tèmi.

Báyìí ni mo ṣe wà lónìí. Àtọ̀gbẹ kò lọ, dókítà sọ fún mi pé kì í sábà lọ. Mò ń lo oògùn, mò ń lọ fún àyẹ̀wò, mò ń rìn yí ìlú ká láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n mi Adébáyọ̀ ń bá mi rìn, torí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò, wọ́n bá ṣúgà níbẹ̀, kò sì dárúkọ àgbo mọ́. Yàtọ̀ sí ìka tó lọ, ẹsẹ̀ mi pé. Egbò náà ti jiná. Àdúgbò ṣì ń gbé oúnjẹ wá: ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹja, òkèlè iyán kan tí kò tó ìkúùkù mi. Ṣùgbọ́n inú abọ́ ńlá àtijọ́ náà ni Ìyá Dúpẹ́ ń gbé e sí, pẹ̀lú ìdérí gbàngbà, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà rò pé nǹkan kékeré ni àdúgbò òun gbé fún sójà. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣí i fún mi, ojú tì í débi pé ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n fi kún un. Dókítà ti sọ pé bí ẹsẹ̀ mi kò ti mọ ìrora mọ́, ẹnì kan ní láti máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò lójoojúmọ́, torí èmi kò lè tẹ̀ dé ibẹ̀, ojú mi kò sì dá tó. Mo rò pé n ó tijú kú. Ìyá Dúpẹ́ pín in fún àdúgbò, bí wọ́n ṣe ń pín iyán tẹ́lẹ̀. Ní Iyere náà, mo gbọ́ pé wọ́n ti ń ṣọ́ ẹsẹ̀ kan tó kù fún Kọ́púrà bí ẹyin. Ìwọ tí ò ń kà á, wá ẹni tí yóò máa wo tìrẹ. Bí ojú bá ń tì ọ́, na ẹsẹ̀ náà sí i pẹ̀lú ìtìjú.

Lánàá, ó kan Ìyá Dúpẹ́ fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó wọ awò rẹ̀, ó sì ń ya ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí fi ń dùn mí.

"Ìyá, ó tó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹsẹ̀ mi."

"Dákẹ́," ló wí, kò gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ọ pé tìrẹ ni? Ẹsẹ̀ ìlú ni."